Ẹ̀rọ Ìyá Mi Kò Pariwo Mọ́

Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnira ẹ̀rọ, ẹ kú ìfaradà àwọn oníbàárà tí wọn kò mọ ọpẹ́. Mo nírètí pé ikọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀, àti pé ẹ kò sọ oògùn tí dókítà fún yín sábẹ́ ibùsùn bí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́. Èmi wà láàyè. Bí ẹ bá ní báwo ni mo ṣe mọ̀, ebi ń pa mí lásìkò.

Ìlú tí mo ti ń kàwé yìí dákẹ́, màmá mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ti ń bá ẹ̀rọ ìlọta gbé kí wọ́n tó bí mi. Iná mànàmáná ni bọ́ọ̀sì wọn ń lò. Ó máa ń yọ lẹ́yìn ènìyàn bí ológbò tó jí ẹran. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ sọdá títì, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo gbẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀sì sì dúró síwájú imú mi. Awakọ̀ wò mí. Mo tẹríba, mo ní ẹ káàárọ̀ sà. Ó wakọ̀ lọ. Òun nìkan ni ẹni tí mo kí lọ́jọ́ náà.

Òkè kẹta ni yàrá mi wà. Ó ní ibùsùn kan, tábìlì kan, àti ẹ̀rọ kan lára ògiri tó ń mú ilé gbóná láìjó igi, láìjó epo. Kì í dún. Mo máa ń gbé etí lé e kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. A tó mẹ́rin tí a ń gbé òkè yìí. Bí a bá pàdé nílé ìdáná, oníkálùkù á rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú, á gbé ìkòkò rẹ̀, á wọlé lọ. Èmi náà ti kọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó ń dùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rọ oníná tí mo fi rán ọ̀rẹ́ bàbá mi sí yín yẹ kó ti dé. Abọ́ tí mo fọ̀ nílé oúnjẹ kí n tó rí i rà, bí ẹ bá tò ó, á kan òrùlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí oníwáyà so ó mọ́ ọlọ, kí ẹ sì pa Bàbá Oníkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo àdúgbò ló fún un lórúkọ nítorí bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó gbéra láàárọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú mi ni dókítà ti sọ ọ́: èéfín epo dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú àyà yín, ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yẹn ò sì lè jọ máa wúkọ́ nínú yàrá kan náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá ṣe rí. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá

Ọmọ mi Adákẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Mo mọ̀ pé o ò ní dáhùn bó ṣe yẹ. Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà, ìwé ti sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ebi dá àpárá.

Awakọ̀ tó fẹ́ pa ọ́ tí o sì tẹríba fún, bí o bá tún rí i, bá mi kí i. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ lára rẹ. Mo ní kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé, ojo ni.

Ẹ̀rọ rẹ ti dé. Ó kéré. Mo tún wo ìsàlẹ̀ àpótí bóyá ìyókù rẹ̀ wà níbẹ̀. Oníwáyà so ó mọ́ ọlọ, ó tẹ nǹkan kan, mo sì dúró kó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní irọ́ lò ń pa. Ó da àgbàdo sí i, ìyẹ̀fun sì ń bọ́ sílẹ̀, ó kúnná bí àtíkè. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn jẹun tán tí kò gbọ́ ìró abọ́.

Sípánà, mẹkáníìkì tó ti ń tún Bàbá Oníkọ́ ṣe láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì pé, wá wò ó. Ó dúró lórí Bàbá Oníkọ́ bí ẹni tó wá kí òkú. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Ṣé báyìí náà la ṣe máa pínyà?" Mo ní kó má sunkún sí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó wá bi mí pé kí ni òun ó máa tún ṣe báyìí, nítorí ohun tí kì í wúkọ́ kì í ṣàìsàn. Mo fún un ní omi mu.

Mo ti kun ògiri ní funfun. Mò ń mí. Mi ò dìde jókòó lórí ibùsùn mọ́ kí n tó lè sùn.

Ọjà dá díẹ̀. Má da ara rẹ láàmú. Òjò ni. Bó bá dáwọ́, wọ́n á wá.

Wá ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnu tí a kò lò máa ń rùn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àlàáfíà, ẹ kú ògiri tuntun. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín sókè nílé ìdáná. Àwọn tó kù gbé ìkòkò wọn kúrò lórí iná kó tó jinná.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ wa, ọkùnrin gíga kan tó máa ń bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ bó bá fẹ́ rí ènìyàn dáadáa, bi wá ní kíláàsì pé ta ló mọ ibi tí wọ́n ti fi iná mànàmáná rọ́pò epo tó sì yọrí sí rere. Àwọn yòókù ń sọ ti ilé iṣẹ́ irin àti ti ọkọ̀ ojú irin. Mi ò mọ ẹni tó gbé ọwọ́ mi sókè. Mo ní, ìyá mi ni. Gbogbo wọn yí orí. Mo sọ ti Bàbá Oníkọ́, mo sọ ti ìyẹ̀fun, mo sọ ti àyà yín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ju gbogbo èyí tí mo ti sọ láti ìgbà tí mo ti dé lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Olùkọ́ ní òun ó fi ilé ìlọta yín sínú ìwé tí òun ń kọ, kí a fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Màmá mi, ẹ ó wọ inú ìwé.

Ilé epo kan wà ní ìparí títì wa nígbà kan. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìfọṣọ, òórùn ọṣẹ ló ń jáde níbẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń bu epo sínú ọkọ̀ níbẹ̀ ṣì ń wá jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tí kò nílò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Afẹ́fẹ́ ìlú yìí mọ́, mi ò lè purọ́. Mo wọ ẹ̀wù funfun títí, ọrùn rẹ̀ ò dúdú. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọkùnrin yẹn, Sípánà ni mo máa ń rò.

Ẹ fi àwòrán ránṣẹ́. Ẹ wọ aṣọ tó dára. Ẹ jẹ́ kí ògiri funfun hàn.

Ọmọ yín tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ̀wé, ẹ ò fèsì. Mo tún kọ, ẹ ò fèsì. Lónìí, àpò ìwé yín dé, mo já a lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Àwòrán nìkan ni. Mo dúpẹ́. Aṣọ yẹn bá yín mu.

Ṣùgbọ́n, màmá mi, èéfín wo ló wà lẹ́yìn yín?

Mo gbé e sábẹ́ iná, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo ní bóyá ìkùukùu ni. Ìkùukùu kì í ti inú sálẹ́ńsà jáde. Ògiri tí ẹ ní ẹ kùn ti dúdú láti òkè délẹ̀ bí ojú ẹni tó lé tìróò tó wá bú sẹ́kún. Bàbá Oníkọ́ sì wà lẹ́bàá rẹ̀, ó ń mì. Mo mọ̀ pé ó ń mì nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni àwòrán náà ti ṣe bàìbàì.

Ṣé ẹ ti ta ẹ̀rọ tí mo rà ni? Bí ẹ bá tà á, ẹ sọ ọ́. Bó bá bàjẹ́, ẹ sọ ọ́. Kí lẹ ṣe ní kí n máa yọ̀ lórí ohun tí kò sí? Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń béèrè àwòrán lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé àwọn tó ń gbé lẹ́tà kiri ló ń jáfara. Mo ti wá ń purọ́ nítorí yín ní èdè tí mi ò tíì gbọ́ tán.

Kì í ṣe nítorí olùkọ́ ni inú ṣe ń bí mi. Àyà yín ni. Nínú àwòrán náà ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú. Mo mọ ìdúró yẹn. Ìdúró ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́ tán ni.

Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta

Ọmọ mi, adájọ́ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, wọ́n gbé omi wá. Ìwọ tí o kò lè sọ fún awakọ̀ pé ó fẹ́ pa ọ́, èmi lo wá rí bú.

Mi ò ta ẹ̀rọ rẹ. Kò bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Wá ibì kan jókòó kí o tó ka ìyókù.

Lẹ́yìn tí a so ó, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo tàn án, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ní òjò ni. Òjò dá, kò sẹ́nì kankan. Lọ́jọ́ kan ni àwọn obìnrin méjì láti ẹ̀yìn títì gbé àgbàdo kọjá, wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n wọlé pẹ̀lú ojú fífàro. Ọ̀kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ẹlẹ́rọ. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ní, "A ò gbọ́ Bàbá Oníkọ́ mọ́. A ní bóyá ẹ̀yin náà ti bá a lọ." Ẹ̀rọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń bá mi kẹ́dùn. Mo ní, ẹ wò ó, òun ló ń yí yìí. Èkejì fi etí sí i, ó mirí, ó ní, "Kò lágbára." Wọ́n gbé àgbàdo wọn, ó di ọ̀dọ̀ Afínjú. O mọ Afínjú, olùlọta ìsàlẹ̀ títì, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í fọ ọlọ rẹ̀.

Ṣé ó yé ọ báyìí? Àdúgbò wa kì í wo aago. Bí Bàbá Oníkọ́ bá ti wúkọ́ láàárọ̀, wọ́n á mọ̀ pé mo ti ṣí, wọ́n á da àgbàdo sínú abọ́. Bí kò bá wúkọ́, mo ti kú, tàbí mo rìnrìn àjò, tàbí mo ń sá fún ẹnìkan.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Sípánà. Ó yọ bẹ́líìtì kúrò lára Bàbá Oníkọ́, ó tàn án fún mi lásán. Kò lọ nǹkan kan. Ariwo nìkan ló ń pa. Ẹ̀rọ tìrẹ ló ń lọ àgbàdo ní igun, láìsọ̀rọ̀, bí ìwọ gan-an. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń pariwo, bí ilé iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n sì padà wá. Wọ́n ní, "Èyí ló dáa, ẹ ti padà sí ti àtijọ́." Mò ń ra epo, mò ń san owó iná. Èéfín padà, ikọ́ padà. Mi ò fẹ́ sọ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ̀wé. Mo ní àwòrán ò lè sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ojú rẹ burú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Oníbàárà mi kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù sọ fún mi pé ní ibi tí iná yìí ti ń wá, lẹ́yìn òkè, ihò èéfín kan wà níbẹ̀ tó ga ju gbogbo ilé ìlú wa lọ. Ta ló ń bá mi wúkọ́ níbẹ̀? Bi olùkọ́ rẹ. Jẹ́ kó bọ́ gíláàsì kó tó dáhùn.

Bí mo bá pa Bàbá Oníkọ́, ilé ìlọta yìí á kú. Bí mi ò bá pa á, dókítà ti sọ ẹni tó máa kú. Ìwọ tí o ń kàwé, èwo ni kí n ṣe?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo yí ọ̀tún, mo yí òsì. Ẹ má bínú. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ka lẹ́tà yín, mi ò lè dé yàrá. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún díẹ̀, aládùúgbò mi kan sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé mo jẹ́ ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé.

Mo gbé lẹ́tà náà tọ olùkọ́ lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mi ò yọ nǹkan kan, àfi èyí tó kan gíláàsì. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun ò lè fi í sínú ìwé mọ́, nítorí pé kò yọrí sí rere. Mi ò mọ ohun tó gùn mí. Mo ní, "Bí ẹ bá ń kọ èyí tó yọrí sí rere nìkan, ta ló máa mọ ibi tí kòtò wà?" Ohùn mi já lágbede méjì. Ó bọ́ gíláàsì, ó wò mí títí. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn bí mo bá ń jáde.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ihò èéfín yẹn. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Títí ọjọ́ tí oòrùn àti omi yóò fi máa pèsè gbogbo iná yẹn, ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn òkè. Ohun tí mo lè sọ ni pé ihò kan ṣoṣo ni, a mọ ilé olówó tó ni ín, a lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kó wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá Oníkọ́ tó wà ní ẹgbẹ̀rún yàrá, ta ló máa sáré ká wọn? Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó ń gbé lẹ́yìn òkè.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́, mo lọ jókòó ti ọkùnrin ilé epo. Lọ́jọ́ kejì ó sún fún mi. Lọ́jọ́ kẹta ó ní òun máa ń mọ gbogbo oníbàárà òun láti orí kọ́nà, kí òun tó rí wọn, nítorí ìró ọkọ̀ wọn. Ó fi ẹnu ṣe ìró mẹ́ta fún mi. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá fọ̀ ń wò wá. Bọ́ọ̀sì tuntun kan kọjá, mo sì gbọ́ ọ: ohùn kékeré kan ń ti ara rẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà ní àwọn ọkọ̀ tó dákẹ́ ti gbá ènìyàn jù, ìjọba ló ní kí wọ́n gbé ohùn sí wọn lára.

Màmá mi, ohùn lásán. Kò ní èéfín. Ẹ jẹ́ kí Sípánà gba ohùn Bàbá Oníkọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ ra irú sípíkà oníbátìrì tí àwọn olóògùn fi ń polówó, kí ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ni kó máa pè wọ́n. Òun fúnra rẹ̀, ẹ pa á. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi Adákẹ́ tó ń bá olùkọ́ jà,

Inú mi dùn pé o la ẹnu. Kí ohùn já kò burú, ó sàn ju kí a má mú un jáde lọ. Kí ọkùnrin ilé epo yẹn fún mi.

Mo ṣe ohun tí o wí. Mo pa Bàbá Oníkọ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, a gbé e sẹ́yìn ilé. Sípánà ti kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń ya àwòrán olóògbé. Ohun tí kò sọ ni pé bó ṣe ń gbà á, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń ṣàlàyé ìwà Afínjú fún un. Ohùn mi bá a wọlé. Láàárọ̀, sípíkà á wúkọ́, á wúkọ́, á ní, "Afínjú, yanrìn ló ń lọ̀ fún wọn," á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Gbogbo títì ń gbọ́ ọ. Èmi náà ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rò pé èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ìyẹn kọ́ ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kan, iná lọ. Sípíkà ò mọ̀, bátìrì ló ń lò. Ó ń wúkọ́ tirẹ̀ lọ. Wọ́n gbé àgbàdo gun òkè wá, wọ́n tò. Mo ní iná ò sí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ń dún létí wa, ẹ ní iná ò sí?" Ọkùnrin kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó ń wá ibi tí mo gbé Bàbá Oníkọ́ pamọ́ sí. Sípíkà ló rí. Ó gbé e jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. Sípíkà ní, "Afínjú, yanrìn ló ń lọ̀ fún wọn." Afínjú fúnra rẹ̀ wà lójú títì, ó wá wòran.

Wọ́n ní onímàgòmágó ni mí. Wọ́n ní ohùn ni mò ń tà. Wọ́n ru àgbàdo wọn, wọ́n yíjú sí ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò ní gòkè mọ́.

Ni mo bá ké. Mi ò mọ̀ pé ohùn yẹn ṣì wà nínú mi. Láti ọjọ́ tí èéfín ti lọ, àyà mi ti ń ṣí, mi ò mọ̀ nítorí pé kò tíì sẹ́ni tó bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ìwọ tí o wá bá mi kẹ́dùn nígbà tí mo wà láàyè, ìyẹ̀fun tí o gbé lọ lánàá, ṣé ikọ́ ló lọ̀ ọ́? Ìwọ tó wo abẹ́ tábìlì mi, ìgbà wo lo bá yanrìn nínú tèmi? Iná ni mo fi ń lọ àgbàdo yín láti oṣù Kọkànlá. Ariwo ni mo fi ń tàn yín, nítorí pé ariwo lẹ̀ ń rà." Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ mi, mi ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Títì dákẹ́ bí ìlú rẹ. Obìnrin tó sọ pé ẹ̀rọ rẹ ò lágbára ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ohùn yín ju ti Bàbá Oníkọ́ lọ." Ó sọ àgbàdo rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ó dúró de iná.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń pè wọ́n. Bí iná bá wà láàárọ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo kéde, mo sì bú ẹni tó bá pẹ́. Àwọn kan ti wá ń pẹ́ kí n lè bú wọn. Bí iná ò bá sí, mo sọ fún wọn pé kò sí, kí wọ́n lọ jẹ yanrìn. Afínjú ló ni ọjọ́ àìsíná, ọjọ́ náà ò sì kéré, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù tó mi. Sípánà tú Bàbá Oníkọ́ palẹ̀, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé wáyà ẹ̀rọ oníná. Ó ti sun ẹ̀rọ méjì jóná. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá tèmi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Afínjú ni mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an. Bí mo bá bú u láti òkè, ó máa ń fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mò ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa bí ẹnu ẹja. Kí a tó lè gbọ́ èébú rẹ̀, ó di dandan kó pa ẹ̀rọ. Bó bá sì ti pa á, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ní, "Ó ti tì," wọ́n á gbé àgbàdo gòkè wá bá mi. Ó tó ìgbà mélòó kan kó tó yé e.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ó ti jókòó sórí àga oníbàárà mi. Ó ní kí n bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta irú ẹ̀rọ yẹn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó wúkọ́, ikọ́ gidi, tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó sì fi ọwọ́ di etí tábìlì mi mú. Nítorí náà, fi orúkọ ilé ìtajà náà ránṣẹ́, má jẹ́ kó pẹ́. Mo ti sọ fún un pé èéfín á kúrò láyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ á padà sípò, a ó sì wá mọ ẹni tó lè bú ènìyàn jù ní títì yìí. Ó ní òun ò bẹ̀rù mi. Mo ní kó kọ́kọ́ mí ná.

Ìyá rẹ.